Ohun tí mo kọ́ nídìí ṣíṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ láàbù

Ẹ̀yin ọmọ IT tí ẹ ń ti Poly àti Unilorin wá sí wọ́kṣọ́ọ̀bù, mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń lo lathe tàbí fánìà. Ẹ ti mọ ìyẹn. Àmọ́ mo tún gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń wá ẹni tó máa bá òun da báàkẹ́tì centrifuge, ìyẹn ife irin tó ń gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ dání nínú ẹ̀rọ tó ń yí i kíákíá láti yà á, àyà mi sì já.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ èyí tó ṣeé ṣe. Káábọ̀n mọ́tò, èyí tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú mọ́tò, ẹ gé e láti ara èyí tó tóbi, kí ẹ fi sáńpépà họ ọ́ títí yóò fi máa lọ bọ̀ nínú ilé rẹ̀ láìhá.

Ìkejì, ẹ má fi rọ́bà tíúùbù ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ẹnu autoclave, ìkòkò tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára irinṣẹ́. Ooru 121°C ni ibẹ̀. Sílíkónì ni kí ẹ wá.

Ìkẹta ló ṣì ń dùn mí. Láàbù kan nílùú Ìlọrin yìí ní centrifuge àtijọ́ tí wọn ò ta ẹ̀yà rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú báàkẹ́tì rẹ̀ sán, ọ̀gá sì ní ká gbé e lọ fún àwọn tó ń da ìkòkò alumí. Mo ní rárá. Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà síwájú rẹ̀: bí ẹ̀rọ bá ń yí ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí báàkẹ́tì sì fi 15 cm jìnnà sí àárín, ohun tó wà níbẹ̀ á wúwo ní ìlọ́po tó lé ní 2,600. Báàkẹ́tì 300 g á máa fa apá tó gbé e dání bí àpò sìmẹ́ńtì 16. Alumí tí wọ́n yọ́ láti ara ìkòkò àti ẹ́ńjìnnì àlòkù, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Gáàsì a máa há sínú rẹ̀ bó bá ń dì.

Ọ̀gá ní ìwé ti pọ̀ jù lágbárí mi. Wọ́n dà á. Ó ń dán, ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ìkejì mu gẹ́lẹ́, wọ́n sì ń yin àwọn tó dà á.

Kò pẹ́ tó fi fọ́ níbi tí wọ́n ti ń ya ẹ̀jẹ̀. Ìdérí irin ni Ọlọ́run fi kó ọmọbìnrin tó dúró tì í yọ. Nígbà tá a ṣí i, etí tó fi kọ́ apá ló ti já. Ihò bí orí abẹ́rẹ́ kún ojú ibi tó já. Ọ̀pá mọ́tò ti wọ́. Ẹ̀rọ náà ò dìde mọ́.

Orúkọ mi ni wọ́n kọ sórí káàdì iṣẹ́, èmi ni wọ́n fún ní kúẹ́rì. Ọ̀gá ní òun ò rántí ìṣirò kankan.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń ka èyí, ọmọ iṣẹ́ tó ní kò ṣeé ṣe kò rí yín fín. Ẹ jẹ́ kó sọ ìdí rẹ̀ tán. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kọ ìṣirò yín sílẹ̀, ẹ kọ déètì sí i, kó wà nínú fáìlì. Bí báàkẹ́tì bá sán, ẹ má dà á; kí ẹ wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò rẹ̀ ti kú ní láàbù mìíràn; báàkẹ́tì rẹ̀ lè ṣì dára, bí kò bá ti sán tàbí dípẹtà.