Bí wọ́n bá jà ọ́ lólè ní Chicago, tí o kò ní pépà, pe ọlọ́pàá

Àwọn ará wa níbí máa ń sọ pé ọ̀kan náà ni ọlọ́pàá àti ICE, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ immigration ìjọba àpapọ̀ tó ń mú ẹni tí kò ní pépà ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa jẹ ìyà mọ́ra. Wọ́n á jà wọ́n lólè, wọn ò ní pariwo. Ọkọ á na ìyàwó, ìyàwó á gbé e mì.

Òfin ti pààlà sáàárín àwọn méjèèjì ní Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà. Láti 1985 ni Harold Washington, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe méyọ̀ Chicago, ti pàṣẹ pé iṣẹ́ immigration kì í ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlú. Ní 2017, Gómìnà Bruce Rauner buwọ́ lu òfin TRUST fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà, ọmọ ẹgbẹ́ Republican sì ni o. Òfin yẹn ní ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ ti èèyàn mọ́lé torí pé ICE ní kí wọ́n bá òun dá a dúró, àfi tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i.

Ẹ fi ti adájọ́ yẹn sọ́kàn. Ìwé tí ICE máa ń fi ránṣẹ́ sí àtìmọ́lé, tí wọ́n ń pè ní detainer, ń sọ pé kí wọ́n fi nǹkan bíi wákàtí 48 kún ìgbà tó yẹ kí wọ́n tú ẹni náà sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ICE ló ń buwọ́ lù ú, adájọ́ ò rí i sójú. Láti 1997 sì ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé ìjọba àpapọ̀ ò lè sọ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Arábìnrin kan tó ń dirun ní South Side, tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tòun ti owó tó pa lọ́jọ́ náà. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n." Mo pè wọ́n. Ọlọ́pàá tó wá béèrè orúkọ rẹ̀, ohun tí wọ́n gbé, àwọ̀ ọkọ̀ wọn àti ibi tí wọ́n gbà lọ. Ó kọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà sórí bébà, ó fún un. Kò béèrè ibi tí wọ́n ti bí i.

Ẹni tí wọ́n ń lù nílé tún ní ìdí mìíràn láti pè wọ́n. Láti 2000 ni físà U ti wà fún àwọn tí wọ́n hu irú ìwà ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ sí, tí wọ́n sì ran ìwádìí lọ́wọ́. Àwọn tó ń bójú tó ẹjọ́ náà, bí ọlọ́pàá, ló ń fọwọ́ sí ìwé pé lóòótọ́ lo ràn wọ́n lọ́wọ́. Físà 10,000 péré ló wà fún irú wọn lọ́dún, ẹni tó bá tò á dúró pẹ́. Àmọ́ ẹni tí kò fẹjọ́ sùn rárá, kí ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí fún un?

Kẹ́nikẹ́ni má sì tàn yín pé òfin yìí lé ICE kúrò nílùú. Ní September 2025, gbogbo wa la rí wọn ní ìgboro Chicago. Bí ọlọ́pàá bá sì mú ọ fún ẹ̀ṣẹ̀ kan, tí wọ́n tẹ ìka rẹ, ìka yẹn á dé ọ̀dọ̀ FBI, á sì tibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ immigration. Illinois ò lè dá ìyẹn dúró. Ẹ má mutí wakọ̀, mo bẹ̀ yín.

Àbúrò mi ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ọ̀tọ̀ sì ni tiwọn. Òfin SB4 tí Gómìnà Greg Abbott buwọ́ lù ní 2017 ní dandan ni kí àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba ìbílẹ̀ tẹ̀ lé detainer. Ṣẹ́ríìfù tó bá kọ̀ lè pàdánù ipò rẹ̀. Ọlọ́pàá lè bi ẹni tí wọ́n bá dá dúró léèrè pépà. Síbẹ̀, òfin yẹn kan náà ò gbà kí wọ́n bi ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tàbí ẹlẹ́rìí, àyàfi tí ìwádìí bá nílò rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣàlàyé irú físà tí mo sọ yìí fún un. Ẹ̀yin ará Texas, ẹ bá lọ́yà immigration sọ̀rọ̀ nísinsìnyí tára tù yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbi tọ́mọ yín lè rí i.