Àyẹ̀wò ọdún 2025: mo wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Omega Centauri ló gba ọ̀pọ̀ alẹ́ mi lọ́dún yìí. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni: nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ìràwọ̀ ló fún mọ́ra wọn níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn á sì rìn tó ẹgbẹ̀rún 17 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwòrán tí awò-awọ̀nàjínjìn Hubble yà ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní àdúgbò wa lóṣù Karùn-ún, tí òjò sì dá, mo máa ń bọ́ síta wo ibi tó wà ní gúúsù. Kò ju ìràwọ̀ kan tó ń tàn bàìbàì lọ lójú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìṣùpọ̀ ni mo mú? Ọmọ Ìjẹ̀bú ló máa tètè yé. Bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, ṣe máa ń yọ ní Ojúde Ọba ni, ìgbà kan náà ni wọ́n bí gbogbo wọn. (Oṣù Keje ọdún yìí ni Kábíyèsí Ọba Adétọ̀nà tó jí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dìde wàjà. Ó ṣì ń dùn wá.) Ìràwọ̀ inú ìṣùpọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, wọ́n sì jìnnà sí wa bákan náà, ìwúwo ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tó wúwo jù ló ń kọ́kọ́ jó háídrójìn àárín rẹ̀ tán, á wá wú, á sì pọ́n. Ẹ to gbogbo wọn sórí àtẹ, àwọ̀ ní ìbú, ìmọ́lẹ̀ ní òòró: ibi tí ìlà wọn ti ṣẹ́rí ló ń sọ ọjọ́ orí wọn. Ti àwọn ìṣùpọ̀ tó dàgbà jù ń lọ sí bílíọ̀nù 12 tàbí 13 ọdún.

Wíwọ̀n ọ̀hún ló ń gba sùúrù. Àárín ìṣùpọ̀ há, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan á da bo òmíràn. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ẹyọ kan ṣe ń tàn ká lórí àwòrán, á wá yọ ọ́ kúrò. Mo yọ pupa ńlá kan báyìí, àwọn kéékèèké tí n kò mọ̀ pé wọ́n wà sì jáde lábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn kọjá sísọ.

Ìlà Omega Centauri pín sí méjì. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti fi Hubble fi èyí hàn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Èyí tó jẹ́ búlúù jù ni irin inú rẹ̀ pọ̀ ju ti èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ní irin ló yẹ kó mú ìràwọ̀ pọ́n! Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé gáàsì hílíọ́ọ̀mù inú àwọn ìràwọ̀ búlúù yìí pọ̀ gan-an, ó tó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ju rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan lọ níbẹ̀ nìyẹn. Lójú tèmi, irú ibi tí ìṣirò àti ìwọ̀n ti kọ̀ láti bára mu yìí ló tọ́ kéèyàn fi ọdún kan gbáko jìn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ìṣùpọ̀ mìíràn, 47 Tucanae, ló kàn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè lójú ọ̀run wa, ọyẹ́ sì máa ń bò ó lásìkò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán Hubble rẹ̀ pọ̀ jaburata. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣe é, kó kọ̀wé sí mi. Bó bá ti lè lo kọ̀ǹpútà díẹ̀, a ó jọ máa kọ́ ìyókù.