Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára sányán, ewé mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà: fún ẹ̀yin àbúrò mi tó fẹ́ ṣe báyótẹ́kì

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn kan nínú yín ń bi mí pé kí ni mo rí nínú báyótẹ́kì, ìyẹn fífi ohun abẹ̀mí ṣe nǹkan tó wúlò, tí mi ò fi bá àwọn ẹgbẹ́ mi wáṣẹ́ lọ sí báńkì, àwọn míì sì ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé a fẹ́ máa fi kẹ́míkà yí oúnjẹ Ọlọ́run padà. Mi ò lè dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ kalẹ̀, ó máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé iṣẹ́ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ ní láàbù. Nǹkan tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, ì báà jẹ́ kòkòrò, ì báà jẹ́ ewé, ẹ kọ́kọ́ lọ mọ̀ ọ́n níbi tó ń gbé, kẹ́ ẹ mọ àwọn tó ti ń bá a gbé kí wọ́n tó bí yín, kẹ́ ẹ mọ nǹkan míì tó tún ń ṣe yàtọ̀ sí èyí tó ń dá yín lọ́rùn. Kọ́ọ̀sì ethics (ohun tó tọ́ láti ṣe àti èyí tí kò tọ́) tí wọ́n ń kọ́ wa, tí gbogbo èèyàn ń kà kó ṣáà lè pàsì, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú sányán. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, sányán baba aṣọ, èyí tó ní àwọ̀ yanrìn yẹn. Òwú rẹ̀ kì í ṣe òwú inú oko o. Kòkòrò ló ń ṣe é, ọmọ labalábá òru kan tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Anaphe, inú igbó wa níbí ló ń gbé. Wọ́n máa ń pọ̀ gan-an, wọ́n á kóra jọ kọ́ ilé ńlá kan ṣoṣo sórí igi, inú ilé yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan wọn á tún ti wá fi òwú wé ara rẹ̀. Ilé yẹn làwọn èèyàn wa máa ń já wálẹ̀, wọ́n á yọ kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n á fi omi eérú sè é títí gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ á fi yọ́, kí wọ́n tó wá ran án bí ẹní ran òwú. Sílíìkì àwọn ará Ṣáínà, èèyàn lè fà á lẹ́yọ okùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ti wa ò ṣeé fà bẹ́ẹ̀, àfi kéèyàn ran án, torí náà iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nídìí ẹ̀.

Nígbà tí mò ń ṣe másítà, gbogbo pépà tí à ń kà lórí sílíìkì, sodium carbonate ni wọ́n fi ń sè é láti yọ gọ́ọ̀mù. Mo wò ó, mo ní ṣebí eérú náà nìyí. Potassium carbonate ló pọ̀ jù nínú omi eérú igi, iṣẹ́ tí èyí ń ṣe lọ̀hún náà ń ṣe. Àwọn ìyá tó ń ran sányán nílẹ̀ Yorùbá ti mọ ìwọ̀n eérú, ìwọ̀n iná àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí òwú má baà gé, ìmọ̀ kẹ́mísìrì gidi sì nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kọ tíísìsì lórí ẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti kọ́ ọ, kẹ́ ẹ dárúkọ ìlú, kẹ́ ẹ dárúkọ èèyàn tó bá gbà kẹ́ ẹ dárúkọ òun. Ẹ má kọ "ọ̀nà ìbílẹ̀ kan" kẹ́ ẹ sáré kọjá. Tí ẹnì kan bá gba páténtì (ìwé òfin pé òun nìkan ló ni ín) lórí ẹ̀ lọ́la ńkọ́, kí la máa fi hàn pé a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ sányán ti wọ̀ mí lára jù rèé. Àwọn èèyàn wa máa ń jẹ kòkòrò yẹn, wọ́n á yan án, ó dùn, ó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju ẹran lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni àìsàn kan fi ń jà níhà ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà nígbà òjò, èèyàn tó dá ṣáṣá lánàá á kàn máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ò ní já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́, wọn ò sì mọ ohun tó fà á. Ní 1993 ni Dókítà Bola Adamolekun tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó jọ pé kòkòrò yìí, Anaphe venata, ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn pròtéènì tó ń tètè yí nǹkan padà nínú ara, wà lára rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́, ẹni tó bá jẹ́ pé gàrí àti láfún lásán ló ń jẹ tẹ́lẹ̀, tí B1 ò tó lára rẹ̀, òun ló máa ń mú. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ní B1, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Ẹ wo bó ṣe kan iṣẹ́ wa. Lónìí tí ẹnikẹ́ni bá kọ pòrópósà pé òun fẹ́ máa sin sányán, kóun ta òwú rẹ̀, kóun lọ kòkòrò tó ṣẹ́ kù di ìyẹ̀fun tí èèyàn máa jẹ kí nǹkan kan má ṣòfò, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́ fún un, ó dára létí, ó bá àyíká mu. Ẹni tí ò bá mọ ìtàn àìsàn yẹn, àwọn aláìní ló máa lọ fún ní ìjẹkújẹ lórúkọ sáyẹ́ǹsì. Irun ara kòkòrò yẹn náà tún wà ńbẹ̀, ó máa ń yún èèyàn burúkú, ó sì máa ń há sínú ilé wọn, ẹni tẹ́ ẹ bá gbà síṣẹ́ láti máa tú u gbọ́dọ̀ ní gílọ́ọ̀fù àti ìbòmú. Torí náà tí ẹ bá ti rí "natural" lára nǹkan, ẹ má sinmi, ẹ wádìí ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa wádìí kẹ́míkà tó ti ilé iṣẹ́ jáde.

Òwú aláǹtakùn ni tayé ń sáré lé báyìí. Aláǹtakùn ò ṣeé sìn bí adìyẹ torí pé wọ́n máa ń jẹ ara wọn. Simon Peers àti Nicholas Godley fi òwú aláǹtakùn hun aṣọ kan ṣoṣo ní Madagascar, wọ́n gbé e jáde ní 2009, aláǹtakùn tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n fa òwú lára ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fìyẹn ṣòwò. Ìyẹn ló jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà, Nexia, fi jíìnì aláǹtakùn (àṣẹ inú ara rẹ̀ tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe pròtéènì) sára ewúrẹ́ kí pròtéènì òwú lè wà nínú wàrà rẹ̀, àwọn Spiber ní Jàpáànù sì fi tiwọn sínú bakitéríà. Spiber fi jákẹ́ẹ̀tì kan han aráyé ní 2015, àmọ́ wàhálà kan yọjú, òwú aláǹtakùn máa ń sún kì tí omi bá kàn án. Wọ́n ní láti padà lọ tún pròtéènì yẹn tò kí wọ́n tó ta jákẹ́ẹ̀tì gidi ní 2019. Aláǹtakùn ò ṣe òwú tiẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ nínú òjò, ohun tó ń lò ó fún yàtọ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an ni torí pé wọ́n padà lọ wo nǹkan náà fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè kan fún mi: ṣúgà tí bakitéríà ń jẹ, ilẹ̀ ta ni wọ́n ti gbìn ín? Torí pé bakitéríà ló ṣe nǹkan ò sọ pé kò gba ilẹ̀ àti omi lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Àwọn tó wo nǹkan láìwò ó tán náà wà. Ní Burkina Faso, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òwú tí wọ́n fi jíìnì sí ní 2008 kí kòkòrò má lè jẹ ẹ́. Kòkòrò ò sì jẹ ẹ́ lóòótọ́, àwọn àgbẹ̀ dín oògùn kù, inú wọn dùn. Àmọ́ fọ́nrán òwú náà wá kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ gígùn fọ́nrán yẹn ni àwọn oníbàárà mọ òwú Burkina mọ́ lọ́jà àgbáyé. Owó òwú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Nígbà tó máa fi di 2016 wọ́n ti ń kógbá ẹ̀ sílé. Jíìnì yẹn ṣiṣẹ́ o, gbogbo èrò tó wà nídìí ẹ̀ ló ṣiṣẹ́, àfi pé òwú fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń tà, wọn kì í ta àìsí kòkòrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní apá materials (àwọn tó ń ṣe òwú, aṣọ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀), ẹ rántí èyí dáadáa, ẹ bi ẹni tó máa ran án, ẹ bi ẹni tó máa rà á, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ti yanjú ìṣòro.

Ewé mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Thaumatococcus daniellii ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Àwa ewé la mọ̀ jù, a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, èso pupa kan sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ nítòsí ilẹ̀, ohun tó bo kóró inú rẹ̀ dùn kọjá bó ṣe yẹ. Ọmọ oko kankan ò nílò láàbù kó tó mọ̀ ọ́n. Dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Daniell kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1855. Ní 1972 àwọn onísáyẹ́ǹsì ní Netherlands yọ pròtéènì tó ń dùn nínú ẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní thaumatin, ó sì dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2000. Ó ti wọ oúnjẹ àti chewing gum ní Yúróòpù, E957 ni nọ́ńbà ẹ̀ lára páálí. Wọ́n kọ́kọ́ ń kó èso yẹn láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nígbà tó yá wọ́n mú jíìnì rẹ̀ wọnú ìwúkàrà àti àwọn ewéko míì.

Mi ò sọ pé wọ́n jalè. Nígbà yẹn kò sí òfin kankan tó de ọ̀rọ̀ yìí, ìpàdé Rio ní Brazil ní 1992 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti tó fẹnu kò pé ohun tó wà nínú igbó orílẹ̀-èdè kan, òun ló ni ín, Àdéhùn Nagoya tó wí pé kí wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n sì pín èrè, 2010 ni wọ́n ṣe é, 2014 ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti ní àkọsílẹ̀ jíìnì lórí kọ̀ǹpútà kò nílò kó tún wá sígbó ẹnì kankan wá já èso, ibẹ̀ ni wọ́n ṣì ń jà sí títí di òní. Ní Cali ní Kòlóḿbíà, ní 2024, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń jèrè lára irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á máa dá owó sí, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa fipá gbà á lọ́wọ́ wọn. Lójú tèmi kò tíì tó. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti ju sequence, ìyẹn àkọsílẹ̀ jíìnì, ewéko abúlé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ṣeé kó padà mọ́, torí náà kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì yẹn lẹ ti gbọ́dọ̀ bá baálẹ̀, àgbẹ̀ àti àwọn ìyá tó ń já ewé yẹn tà sọ̀rọ̀, lédè tó yé wọn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n lè sọ pé rárá.

Ó wá ku ẹ̀wà tí wọ́n fi jíìnì sí, èyí tí ẹ ń bi mí jù. Ẹ̀wà SAMPEA 20-T, Institute for Agricultural Research ní Zaria ló ṣe é pẹ̀lú àwọn míì, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 2019. Kòkòrò Maruca ló máa ń dá èso ẹ̀wà lu, àwọn àgbẹ̀ máa ń fọ́n oògùn lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀méje kí wọ́n tó kórè, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìwọ nǹkan kan sára. Jíìnì tí wọ́n fi sí ẹ̀wà yìí wá láti ara bakitéríà kan, Bacillus thuringiensis. Ẹ sì gbọ́ èyí, ara kòkòrò sílíìkì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí bakitéríà yẹn, ní Jàpáànù ní 1901, Ishiwata ló rí i nígbà tó ń wádìí ohun tó ń pa wọ́n. Àwọn ọmọ labalábá ni jíìnì yẹn ń bá jà, sányán wa sì wà nínú ìdílé labalábá yẹn. Mo bẹ̀rù nígbà tí mo kọ́kọ́ ro ó. Mo wá wádìí ẹ̀: kòkòrò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀wà yẹn kó tó kú, sányán kì í sì í jẹ ẹ̀wà, ewé igi igbó ló ń jẹ, ìyẹ̀fun òdòdó ẹ̀wà náà ò sì rọrùn fún afẹ́fẹ́ láti gbé rìn. Ọkàn mi balẹ̀ ní ti sányán. Ohun tí mo ṣì ń wò ni ẹ̀wà igbó tó pọ̀ nílẹ̀ wa, torí oyin lè gbé jíìnì yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn, àti pé Maruca náà lè kọ́ bó ṣe máa fara dà á tó bá pẹ́, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó máa ní jíìnì méjì.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, mo fara mọ́ ẹ̀wà yìí. Àgbẹ̀ lè tọ́jú irúgbìn ẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, kò ní máa lọ tọrọ lọ́dọọdún, oògùn tó ń mí símú á sì dín kù. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni pé kí wọ́n máa bú ẹni tó ń béèrè pé kí lẹ fi sí i. Ìyá tó ń béèrè yẹn ló máa sè é fọ́mọ jẹ, ó lẹ́tọ̀ọ́ àtimọ̀.

Nàìjíríà ní òfin, òfin ààbò báyótẹ́kì ti 2015 ló dá àjọ tó ń mójú tó o sílẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní 2019, òfin sì fẹ́ kí wọ́n lẹ àmì mọ́ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó ń rà á lè mọ̀. Ó rọrùn fún nǹkan tó wà nínú páálí. Ṣùgbọ́n kóńgò la fi ń wọn ẹ̀wà lọ́jà, láti inú àpò tó ṣí sílẹ̀, ẹ̀wà Kano á ti dà pọ̀ mọ́ ẹ̀wà Borno kó tó dé Bódìjà, ibo ni wọ́n fẹ́ lẹ àmì mọ́? Mo ti bi àwọn ọ̀gá kan, ìdáhùn wọn ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ń wá àkòrí píròjẹ́ẹ̀tì nínú yín, tó sì fẹ́ràn ọjà bó ṣe fẹ́ràn láàbù, kó gbé èyí, kó lọ jókòó ti àwọn ìyá ẹlẹ́wà, kó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń dá olóyin mọ̀ yàtọ̀ sí drum àti ibi tí wọ́n ti ń ra èyíkéyìí, torí wọ́n ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá kà á, màá sì bá yín wá ẹni tó máa ṣe supervisor yín.