Àbẹ̀kẹ́ di abiyamọ: oúnjẹ rẹ̀ láti inú oyún títí tí ọmọ fi já lẹ́nu ọmú

Ọjọ́ 1
Abo eku méjì, Àbẹ̀kẹ́ àti Àjọkẹ́, ni mo rà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé mi ní Peckham, ní London. Wọ́n ní kò sí akọ láàárín wọn rí. Lọ́jọ́ tí mo gbé wọn délé, 251 gírámù ni Àbẹ̀kẹ́ lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Lónìí, ó ti di 298, ikùn rẹ̀ sì yọ sí ọ̀tún yọ sí òsì. Dókítà ẹranko fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ní oyún ni. Ọjọ́ 21 sí 23 péré ni oyún eku, ìyẹn ni pé mo gbọ́dọ̀ tètè múra. Mo ti gbé Àjọkẹ́ lọ sí àgò mìíràn. Mo gé ẹnu sí páálí kan, mo sì ya tíṣù funfun sílẹ̀ kó lè fi tẹ́ ibi tó máa bímọ sí fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ 4
Mo ti ṣe àṣìṣe. Mo rò pé aboyún gbọ́dọ̀ jẹun gan-an, ni mo bá ń bu ẹ̀pà sínú abọ́ rẹ̀. Ẹ̀pà ló ń ṣà jẹ, ó ń fi oúnjẹ eku oníhóró tó ní gbogbo èròjà sílẹ̀. Ọ̀rá lásán nìyẹn ń kó sí i lára. Mo ti kó ẹ̀pà kúrò. Oúnjẹ oníhóró ló wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru báyìí. Tó bá di alẹ́, ó ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin ẹyin sísè àti ewé kéèlì kan. Oúnjẹ oyún ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ìgbà ọmú ni iṣẹ́ ń bẹ.

Ọjọ́ 9
Ó bí lóru! Mọ́kànlá! Wọ́n pupa, wọn ò nírun, ojú wọn ò tíì là, kò sì sí èyí tó gùn ju ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ. Abo eku ní orí ọmú 12, gbogbo wọn á rí tiwọn mu. Ó ti jẹ ibi ọmọ tán pátápátá, bí eku ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Mo pe Màámi ní Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé ó ti rí nǹkan gbígbóná mu? Ẹ̀kọ ló ń jẹ́ kí ọmú wá o.” Ògì wà nínú fìríìsà mi. Mo po díẹ̀ láìfi ṣúgà sí i, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì fọ́ ẹyin sísè sínú rẹ̀, nítorí ògì nìkan ò ní èròjà tó ń mú ara dàgbà tó. Ó lá a títí abọ́ fi mọ́.

Ọjọ́ 12
Ẹ̀rù bà mí lónìí. Awọ ara àwọn ọmọ náà ṣì fẹ́lẹ́ débi pé tí wọ́n bá mu ọmú yó, wàrà máa ń hàn gbangba níkùn wọn, bí ìlà funfun kan lápá òsì. Láàárọ̀, ìlà náà tẹ́ẹ́rẹ́ lára mẹ́rin, mi ò sì rí i rárá lára mẹ́ta. Àbẹ̀kẹ́ ò jókòó sójú kan, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀. Omi wà nínú ìgò, mo rí i. Àmọ́ nígbà tí mo fi ìka kan bọ́ọ̀lù irin kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀pá ìgò náà, kò yí. Ó ti há. Bóyá láti òru ni kò ti rí omi mu!

Mo sáré gbé abọ́ pẹrẹsẹ kan wá. Ó ki ẹnu bọ omi, ó ń mu, ó ń mu, kò gbórí sókè. Lẹ́yìn náà ló tó lọ síbi oúnjẹ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ àwọn ọmọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ìlà funfun ti padà sára gbogbo wọn. Ìgò méjì àti abọ́ kan ló wà nínú àgò báyìí, mo sì ń fi ìka yí àwọn bọ́ọ̀lù náà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọjọ́ 18
Mo wọn oúnjẹ rẹ̀: mo bu 60 gírámù sílẹ̀ lánàá, 14 ló ṣẹ́kù. Kó tó bímọ, kì í jẹ tó 20 lóòjọ́. Ẹyin ṣì ń lọ, mo sì fi ẹran adìyẹ bíbọ̀ kún un, tí kò ní iyọ̀, tí kò ní ata. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní ìyókù ọbẹ̀ yín.

Ọjọ́ 23
Ojú wọn ti là. Ẹyọ kan jáde nínú páálí, ó lọ ń gbóòórùn abọ́ ìyá rẹ̀. Mo ti ń rẹ oúnjẹ oníhóró sínú omi fún wọn kó lè rọ̀.

Ọjọ́ 37
Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo wọn ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ, Àbẹ̀kẹ́ sì ń sá fún wọn tí wọ́n bá wá ọmú. Mo ti ń dín ẹyin àti ẹran rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn akọ mẹ́fà á kó lọ sí àgò tiwọn, torí láti ìgbà yẹn lọ wọ́n lè fún ìyá wọn àtàwọn arábìnrin wọn lóyún. 274 gírámù ni Àbẹ̀kẹ́ lónìí, irun rẹ̀ ń dán. Mo gbé e lọ bá Àjọkẹ́ fún wákàtí kan nírọ̀lẹ́. Wọ́n gbóòórùn ara wọn, Àjọkẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí lá a lórí.