Ọmọdé àti ẹ́ńjìnnì ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ ládùúgbò yín dáadáa. Èyí tí mo máa ń gbà kọjá lọ́nà Ìkéré, ọmọ kékeré ló ń fi ọwọ́ lásán ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, bẹ́líìtì ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wọn ò fi nǹkankan bò ó, etí ìró tí ọmọ náà ró sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àyà mi já! Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ò kúkú gbà kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 16 ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ. Màmá tó ni ibẹ̀ ní iṣẹ́ ni ọmọ náà ń kọ́. Kó kọ́ ọ ná, àmọ́ kó máa bó ẹ̀gẹ́, kí àgbà fi igi tì í, wẹ́dà tó máa fi páànù bo bẹ́líìtì yẹn pọ̀ l'Adó.