Bí onígídígbò bá pàdé abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Adó

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìjàkadì lọ́dọ̀ wa ní Ìkọ̀lé kì í yéé bi mí: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé onígídígbò lè na abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò?" Èmi náà á bi wọ́n pé, níbo? Bó bá jẹ́ inú okùn ni, tí ẹ̀yin méjèèjì wọ ìbọ̀wọ́, tí òfin ní ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni kí ẹ fi jà, kò sí ìjàkadì níbẹ̀ mọ́. Wọ́n á nà ọ́ ni. Àwọn mìíràn máa ń bínú bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ṣé n kò gbọ́ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà ni? Mo gbọ́. Àmọ́ oríkì kì í báni gba ẹ̀ṣẹ́.

Láti kékeré ni mo ti ń ja ìjàkadì, kí n tó kó lọ sí Adó, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ dánra wò. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ìdúró wa gan-an ló ń pe ẹ̀ṣẹ́. A máa ń tẹ̀ síwájú, orí á ṣáájú àyà, ọwọ́ méjèèjì á là sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú adìyẹ. Ó dára bí ẹni tó wà níwájú náà bá fẹ́ dì ọ́ mú. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ò fẹ́ dì ọ́ mú. Ojú tó ṣí sílẹ̀ láàárín ọwọ́ rẹ méjèèjì ló ń wò. Ẹ̀ṣẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ ló máa ń bá wa ní àgbọ̀n, o ò sì ní rí i, torí ìbàdí rẹ̀ lo tẹjú mọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Nítorí náà, gbé ọwọ́ sókè. Fi ọwọ́ ọ̀tún lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, jẹ́ kí ìgbòǹwọ́ bo egungun ìhà, kí àgbọ̀n wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká. Bí o ò bá rí ibi sá sí, iwájú orí ni kó o jẹ́ kó bá pàdé. Egungun ibẹ̀ le. Ọwọ́ tí kò wé aṣọ, tí kò sì wọ ìbọ̀wọ́, lè kán níbẹ̀, pàápàá egungun tó wà lábẹ́ ìka tó kéré jù.

Ọ̀rọ̀ àyè ló wá kàn, òun ló sì ṣòro jù. Ibì kan wà tí ẹ̀ṣẹ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ti ń lágbára jù: ibi tí apá rẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Bí o bá jìnnà sí i, kò lè bà ọ́. Bí o bá lẹ̀ mọ́ ọn láyà, apá rẹ̀ ò ráyè nà. Àárín méjèèjì ni wàhálà wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dúró sí, tí a ń rò ó bóyá ká wọlé. Ibẹ̀ kọ́ là ń ronú sí. Bí o ò bá wọlé, tètè jáde.

Tó o bá fẹ́ wọlé, má bá ọwọ́ tó ń bọ̀ jà. Èyí tó ń padà lọ ni kó o tẹ̀ lé. Jáàbù, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ tààrà tí wọ́n ń fi ọwọ́ iwájú jù, ló máa kọ́kọ́ jù, ó ń fi ìyẹn wọn ọ́ ni. Jẹ́ kó jù ú dànù. Bó ṣe ń fà á padà, bẹ́ wọlé, kí orúnkún tẹ̀, kí ẹ̀yìn nà. Ẹni tó bá fi orí nìkan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn ṣì ń dúró dè é. Tó o bá ti dé igbáàyà rẹ̀, fi etí lẹ̀ mọ́ ọn, ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, kó o so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan tó yà mí lẹ́nu nìyí: àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn yá ju ojú mi lọ, bí mo bá ti dì wọ́n mú báyìí, wọ́n á kàn dẹ ara, wọ́n á máa wẹ̀gbẹ́. Ẹni tó máa wá là wá ni wọ́n ń retí! Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, bí ẹ bá ti dì mọ́ra, adarí ìjà á yà yín, ara wọn sì ti mọ̀ ọ́n bí àkókò ìsinmi. Inú ìsinmi yẹn ni kó o ti fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó lọ wo ìjà James Toney àti Randy Couture nínú UFC (ìdíje tí òfin ti gba ẹ̀ṣẹ́, ìpàá àti ìjàkadì pọ̀) ní Boston, oṣù kẹjọ ọdún 2010. Toney ti gba bẹ́líìtì àgbáyé ní oríṣi ìwọ̀n mẹ́ta nínú ẹ̀ṣẹ́. Oníjàkadì ni Couture. Ẹsẹ̀ ni Couture lọ bá tààrà, ó fà á, Toney ṣubú, kò sì pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi gbà pé ó tán. Ẹ wá yí i padà. Francis Ngannou, ọmọ Kamẹrúùnù tó ti jẹ́ ògá nínú UFC, wọ inú okùn lọ bá àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò nílé wọn. Ó gbé Tyson Fury ṣubú lóòótọ́ ní 2023, síbẹ̀ Fury ni wọ́n ní ó borí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ọwọ́ ọ̀tún Anthony Joshua, ọmọ Ṣàgámù wa, tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja ní ìpele kejì.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni èyí tí gbogbo ayé bú: Muhammad Ali àti Antonio Inoki, oníjàkadì ọmọ Japan, ní Tokyo, ọdún 1976. Nínú gbogbo ìpele mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n jà, ilẹ̀ ni Inoki wà jù, ó ń ta Ali nípàá lẹ́sẹ̀. Wọ́n jà á sí ọ̀mì. Wọ́n ní kò dùn ún wò, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ali wú. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò máa ń gbé ara lé ẹsẹ̀ iwájú, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bò ó, torí kò sẹ́ni tó ń gbá a nínú okùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kàráàtè, ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ ń gbé lọ sí orí èèyàn yẹn, ẹ mú un wá sílẹ̀. Àwọn Hausa tó ń ja dambe ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ọwọ́ kan ni wọ́n fi okùn wé láti fi lù, èkejì ni wọ́n fi ń gba ẹ̀ṣẹ́, wọn ò sì yọ ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá tó kọ́ mi ní ìjàkadì máa ń ní àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ ò lágbára, pé iyán ò tó nínú wọn. Iyán á jẹ́ kó o lè gbé èèyàn, ṣùgbọ́n kò ní kí ojú má dì bí jáàbù bá ń bọ̀. Lọ bá àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, kí kóòṣì wọn dáadáa, sọ fún un pé oníjàkadì ni ọ́. Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ní kí wọ́n máa ju jáàbù nìkan sí ọ, jẹ́jẹ́, kí o má dá a padà, títí ojú á fi yé dì. Bí orí bá ń fọ́ ọ tàbí òòyì ń kọ́ ọ lẹ́yìn náà, lọ rí dókítà, má sì padà síbẹ̀ títí ara á fi balẹ̀. Fi ike bo eyín. Kó o sì ra ìbọ̀wọ́ tìrẹ lọ. Èyí tí wọ́n ń yá àlejò, òórùn rẹ̀ nìkan tó í dá èèyàn lulẹ̀.