Ohun tí EL34 méjì kọ́ mi nípa pípààrọ̀ fáàfù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe aḿpílífáyà, ọdún kejì tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo jó tíránsífọ́mà oníbàárà. Fáàfù 6L6GC méjì (fáàfù ni ìgò oníná tó ń gbé ohùn sókè) tó wà nínú aḿpílífáyà gìtá náà ti gbó, EL34, irú fáàfù mìíràn, ló sì wà nílẹ̀. Ihò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀, mo bá kì wọ́n bọ̀ ọ́. Ó dún dáadáa. Kò pé wákàtí kan tí òórùn ohun tó ń jóná fi gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀gá mi ò bú mi. Wọ́n san owó tíránsífọ́mà, wọ́n sì ní kí n jókòó ka ìwé àlàyé fáàfù méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wáyà tó ń gbóná nínú 6L6GC kan ń fa áḿpíà 0.9, ti EL34 ń fa 1.5. Àṣé áḿpíà 3 ni mo gbé ka tíránsífọ́mà tó ń gbé 1.8 tẹ́lẹ̀! Ẹsẹ̀ kìíní náà yàtọ̀: ti 6L6GC kò so mọ́ nǹkan kan, ti EL34 so mọ́ gíríìdì kẹta (ọ̀kan nínú àwọn wáyà tín-ín-rín inú fáàfù), ó sì yẹ kí wáyà so ó pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kẹjọ.

Àwọn fáàfù kékeré kò le tó bẹ́ẹ̀. ECC83 tí wọ́n ń pè ní Yúróòpù ni 12AX7 ará Amẹ́ríkà. Ó ń gbé ohùn sókè ní ìlọ́po 100, 12AT7 ní 60, 12AU7 ní nǹkan bí 20.

Níbi fáàfù ńlá, ẹ ra méjì tí wọ́n ti wọ̀n pọ̀, kí ẹ sì tún bias ṣe, ìyẹn iye iná tó ń gba inú fáàfù kọjá nígbà tí olórin kò tíì fọwọ́ kan okùn gìtá. Wọ́ọ̀tì 25 ni EL34 lè gbà. Èmi kì í kọjá ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn 17.5. Bí fóltì bá jẹ́ 450, tí ẹ bá fi pín 17.5, nǹkan bí mìlíáḿpíà 39 nìyẹn fún fáàfù kan.

Ẹ jọ̀ọ́, fóltì 450 ń pààyàn, kàpásítọ̀ sì lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi rẹ́sítọ̀ tú u dànù, kí ẹ fi mítà wò ó, kí ọwọ́ yín tó kan inú rẹ̀.

Tó bá ti tò tán, ẹ pa iná ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wo fáàfù náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wáyà àárín rẹ̀ bá ń tàn bí ẹyín iná, kò burú. Bó bá jẹ́ irin fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó yí i ká ló ń pọ́n, ẹ pa á kíákíá.